Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ímeèlì ọ́fíìsì lọ sórí server tuntun rí, báwo lẹ ṣe kọ́ àwọn admin yín?

Ọmọ Òmù-Àrán, Leeds:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́. Exchange 2016, software Microsoft tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́, ni ọ́fíìsì wa ṣì ń lò, Microsoft sì ti ṣíwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ láti 14 October 2025, mánéjà wá ní ká bọ́ sórí Subscription Edition, èyí tí wọ́n ń pè ní SE. Àwa mẹ́ta la jẹ́ admin, àwa là ń tọ́jú server. Èmi ni mo kéré jù, èmi náà ni wọ́n ní kí n kọ́ àwọn méjì tó kù torí èmi ni mo lọ ṣe kọ́ọ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn ti lé ní 55 ọdún, àtìgbà Exchange 2003 ló ti ń tọ́jú server, mouse nìkan ló dẹ̀ ń lò. Mo ti ṣe slide 60, mo kà á lálẹ́ àná, oorun gbé èmi tí mo ṣe é lọ. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Ọmọ Ìlọrin, Calgary:
Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà tí nǹkan bá ti dàrú lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá béèrè.

Gbé slide yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ahunṣọ ni bàbá mi ní Pàkátà, Ọlọ́run kẹ́ wọn, aṣọ òfì ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Tí wọ́n bá gba ọmọ iṣẹ́, òwú kíká ló máa kọ́kọ́ ṣe, ìgbà tó bá wá jókòó sídìí òfì, bàbá mi á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Òwú á já. Ọmọ á wojú wọn. Wọn ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n á kàn ní "wá ibi tó ti já." Nígbà míì ó lè tó wákàtí kan kó tó rí i, kó tó so ó, kí ọ̀kọ̀ ó tún tó máa lọ máa bọ̀. Tí èmi bá fẹ́ bá a so ó wọ́n á gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní ẹni tá a bá ń bá so òwú, tó bá dilé ara ẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n so. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé àwọn méjì yẹn ni kó máa wà nídìí kíbọ́ọ̀dù, ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, ká ọwọ́ ẹ sẹ́yìn.

Ohun tó ń dùn mí nìyí o, torí mo ti ṣe òdìkejì ẹ̀ rí. Ní 2019, ọ́fíìsì tí mo wà nígbà yẹn ń kúrò lórí Exchange 2010 bọ́ sórí 2016. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mo dẹ̀ ń ṣe gbogbo ẹ̀ fúnra mi, mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe fáwọn yòókù. Mo to mailbox (àpótí ímeèlì èèyàn kọ̀ọ̀kan) bíi mélòó kan sílẹ̀ kó máa lọ lálẹ́ Friday, mo wakọ̀ lọ sí Edmonton fún ìsọmọlórúkọ, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ fóònù dún. Disk tí log (fáìlì tí Exchange kọ́kọ́ ń kọ gbogbo nǹkan sí) wà ti kún, ó ku 0, database (ibi tí gbogbo ímeèlì wà) ti ti ara ẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó lè gba ímeèlì. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà rí fáìlì log tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó ṣe ohun tí ẹni tẹ́nì kankan ò kọ́ máa ṣe, ó yan gbogbo ẹ̀ ó pa á rẹ́ kí àyè lè yọ. Database ò ṣí mọ́, torí àwọn nǹkan kan ṣì wà nínú log tí kò tíì wọnú ẹ̀. Alẹ́ Sunday la tó gbé e dìde látinú backup (ẹ̀dà tá a ti fi pa mọ́). Wọ́n bá ọmọ yẹn wí. Èmi ló yẹ kí wọ́n bá wí, mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, mo dẹ̀ lọ bẹ ọmọ náà.

Torí náà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó o máa kọ́ wọn, kó tó kan ohunkóhun, log ni. Jẹ́ kó yé wọn dáadáa: fáìlì log kọ̀ọ̀kan 1MB ni, gbogbo ohun tó bá ń wọnú database tuntun, inú log ni Exchange kọ́kọ́ máa ń kọ ọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá kó mailbox 300GB wá, log tó tó 300GB ó kéré tán ló máa jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ la fi ń pa á rẹ́. Backup tó mọ Exchange ló máa ṣe tiẹ̀ tán, log á wá kúrò fúnra ẹ̀. Nínú lab (ibi tẹ́ ẹ ti ń fi server dánrawò), mú disk kékeré kan, jẹ́ kí wọ́n kó mailbox títí á fi kún, kí wọ́n rí i bó ṣe ń kú, kí wọ́n gbé e dìde. Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní fọwọ́ kan log mọ́.

Lab náà ò gba owó tó bẹ́ẹ̀. Windows Server àti Exchange ní èyí téèyàn lè fi dán wò fún 180 ọjọ́ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ àlòkù kan tí RAM ẹ̀ tó 64GB, ẹ fi Hyper-V, tó ń sọ ẹ̀rọ kan di púpọ̀, pín in sí mẹ́ta, domain controller (server tó mọ orúkọ àti password gbogbo èèyàn) lọ́tọ̀, Exchange 2016 lọ́tọ̀, SE lọ́tọ̀. Má gbé Exchange sórí domain controller o. Exchange 2016 yẹn, Windows Server 2016 ni kó o gbé e lé, kò gba Windows Server 2019, SE ló ń gba 2019, 2022 àti 2025. Microsoft ní kí RAM tó 128GB fún SE tó máa ṣiṣẹ́ gidi ṣùgbọ́n lab tí kò sí èèyàn lórí ẹ̀, 16GB á gbé e, á kàn máa wọ́ ni.

Nǹkan míì, torí pé 2016 lẹ wà, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ẹ lè gbé SE lé e lórí. Àwọn tó wà lórí Exchange 2019 nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé CU (àtúnṣe tí Microsoft máa ń gbé jáde) tuntun lé e ló rí fún wọn. Ẹ̀yin máa kọ́ server tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ ni, kẹ́ ẹ wá máa kó mailbox lọ. Àṣẹ New-MoveRequest ni, ẹ kọ́ wọn ní SuspendWhenReadyToComplete tó máa ń tẹ̀ lé e. Mailbox á máa lọ ní ọ̀sán gangan, oníṣẹ́ á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀, tó bá dé 95% á dúró dè yín, lálẹ́ ẹ̀ẹ́ kàn ní kó parí. Ó mú ìbẹ̀rù kúrò lọ́kàn àwọn tiwa pátápátá.

Ọmọ Òmù-Àrán, Leeds:
Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo ti pa slide tì. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn ńkọ́? Mo ní ká ṣí PowerShell, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ fún Exchange, lánàá, ó ní òun ò kọ́ iṣẹ́ tuntun mọ́ nígbà tí pension ti ń bọ̀. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n àgbà ni, mi ò lè máa pàṣẹ fún un.

Ọmọ Ìlọrin, Calgary:
Má pàṣẹ fún un. Àgbà tó ti wà nídìí server látìgbà 2003, ohun tó wà nínú orí ẹ̀ kò sí nínú kọ́ọ̀sì kankan, òun ló mọ̀ pé mailbox báyìí, ẹ̀ka owó ló ń kà á, pé tọ̀hún, ẹni tó ni ín ti kúrò ṣùgbọ́n oníbàárà ṣì ń kọ̀wé sí i. Bẹ̀ ẹ́ kó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún yín, jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ nílò ẹ̀, torí ẹ nílò ẹ̀ lóòótọ́.

Fún PowerShell, ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Nínú EAC, ojú ìwé tí wọ́n ń fi mouse tọ́jú Exchange, lókè lọ́wọ́ ọ̀tún níbi àmì ìbéèrè, "Show Command Logging" wà níbẹ̀. Jẹ́ kó ṣí i, kó wá máa fi mouse ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ohun tó bá tẹ̀, àṣẹ PowerShell ẹ̀ á máa jáde níbẹ̀. Á rí i pé àtọjọ́ yìí PowerShell lòun ń ṣe lábẹ́, látìgbà Exchange 2007 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ fi èyí hàn, obìnrin kan ni, ó dákẹ́, ó da ọ̀kan kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Notepad, ó yí orúkọ inú ẹ̀ padà, ó tẹ Enter. Ó ṣiṣẹ́. Ó bojú wò mí bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Lọ́jọ́ kejì ó fi ìlà kan ṣe nǹkan fún èèyàn 80 tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì, ọmọ Ọ̀fà, Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo ti bá server yìí jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àbúrò, ohun kan tí ẹ̀gbọ́n ò tíì mẹ́nu bà ni ẹ̀rọ photocopy. Ẹ̀rọ tó ń scan ránṣẹ́ sí ímeèlì, ìkìlọ̀ backup, software tó ń fi payslip ránṣẹ́, gbogbo wọn ló ti mọ IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì) server àtijọ́ lórí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa server àtijọ́ ni wọ́n máa dákẹ́, owó oṣù á jáde payslip ò ní jáde. Ẹ tan log receive connector (àkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi ímeèlì wọ server, kì í ṣe log tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè) lórí 2016 báyìí báyìí, ẹ jẹ́ kó lọ fún oṣù kan gbáko torí àwọn kan wà tó jẹ́ òpin oṣù nìkan ni wọ́n ń ránṣẹ́, kí ọ̀kan nínú àwọn tó ò ń kọ́ jókòó ka IP tó wà níbẹ̀ kó lọ wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn fún ẹni tuntun, á mọ gbogbo ilé. Àwọn ẹ̀rọ ogbó míì dẹ̀ wà tí ò gbọ́ TLS 1.2 (ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín wọn), SE ò dẹ̀ ní gba ohun tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn bẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe dé. Ẹ wò ó ṣáájú.

Kí wọ́n tó yọ 2016 kúrò, kí wọ́n ṣe Get-Mailbox -Arbitration. Àwọn mailbox tí ojú kì í rí ni, wọ́n máa ń gbàgbé wọn sẹ́yìn, èmi náà gbàgbé ẹ̀ rí.

Ọmọ Tanke, nílé:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ṣàánú àwa tá a wà ní Ìlọrin níbí. Ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, a fẹ́ ní mail tiwa, kò sówó Exchange, iná dẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí iná bá lọ lálẹ́ gbogbo lẹ́tà á sọnù. Mo ní àwọn ọmọ IT méjì tí mo fẹ́ kọ́.

Ọmọ Ìlọrin, Calgary:
Ọmọ ilé wa, fọkàn balẹ̀. Kò ní sọnù. Bí SMTP, ìlànà tí server fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́ síra wọn, ṣe rí ni pé tí server yín ò bá dáhùn, server tó fẹ́ fi ránṣẹ́ á fi lẹ́tà sínú queue (ìlà ìdúró), á máa padà wá kànlẹ̀kùn, ìlànà ẹ̀ ní kó tó ọjọ́ 4 sí 5 kó tó sọ pé òun ò rí yín. Iná tó lọ ní òru kan ò lè pa á. Disk tí kò gbádùn iná tó ń já ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ wá UPS (bátìrì tó ń gbé e dúró díẹ̀ tí iná bá lọ) fún un kó máa ráyè pa ara ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Postfix (tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́) àti Dovecot (tó ń jẹ́ kéèyàn kà á) lórí Linux, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó fún wọn láti fi kọ́ ọ. Ohun tí mo máa bẹ̀ ẹ́ ni kó o kọ́ wọn ní DNS (ìwé àdírẹ́sì orí íńtánẹ́ẹ̀tì) kó o tó kọ́ wọn ní server: MX tó ń sọ ibi tí lẹ́tà yín ń gbà wọlé, SPF tó ń sọ server tó lè ránṣẹ́ lórúkọ yín, DKIM tó ń fọwọ́ sí lẹ́tà, DMARC tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí èyí tí kò bá yege. Látìgbà February 2024 ni Google àti Yahoo ti ń le mọ́ àwọn tó ń ránṣẹ́, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ yín sáwọn òbí á kàn máa bọ́ sínú spam tí SPF àti DKIM ò bá sí níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ SPF kan tó ṣì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Gmail ara wọn, kí wọ́n ṣí "Show original" kí wọ́n rí i níbi tó ti kọ FAIL, kí wọ́n tún un ṣe títí á fi kọ PASS. Ọ̀sán kan ni, wọn ò ní gbàgbé ẹ̀.

Ọmọ Tanke, nílé:
Ọlọ́run á sàn yín lẹ́san rere. Mo ti da gbogbo ẹ̀ kọ. Wàrà yín ń dúró dè yín tẹ́ ẹ bá wálé.

Ọmọ Òmù-Àrán, Leeds:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo tún padà wá. Mo gba ọ̀sán Thursday fún lab lọ́wọ́ mánéjà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ní kò sẹ́ni tó máa pè wá láàárín wákàtí yẹn. Ti àkọ́kọ́ la ṣe lánàá. Bàbá yẹn ló di kíbọ́ọ̀dù mú, èmi ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ṣòro fún mi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ nawọ́. A pa domain controller láìsọ fún un, ó wò ó fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kó tó rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún ba òmíràn jẹ́. Mo tún lọ wo disk log tí wọ́n fẹ́ fún wa lórí server gidi: 200GB. Mailbox gbogbo wa jẹ́ 640GB.

Ọmọ Ìlọrin, Calgary:
Má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Béèrè 1TB, kọ ọ́ sínú ímeèlì kó má jẹ́ ẹnu lásán, kí bàbá yẹn bá ẹ fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní ó pọ̀, ẹ pín mailbox sọ́nà mẹ́fà, kí backup máa wà láàárín, kẹ́ ẹ rí i pé log ti kúrò kẹ́ ẹ tó kó apá tó kàn.