Alárinà ni GRUB, kì í ṣe oníbodè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo kàn ju "alárinà" àti "olórogún" sílẹ̀ láìṣàlàyé torí iṣẹ́ wà lọ́rùn, àfi bí mo ṣe rí i láàárọ̀ yìí pé a ti ń fẹnu kò sórí "oníbodè", mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kó tó di òfin. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: bootloader là ń wá orúkọ Yorùbá fún, ètò kékeré tó máa ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀ tá a bá tan kọ̀ǹpútà, tó máa lọ wá Linux tàbí Windows, ètò ńlá tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, níbi tó sùn sí nínú díìsìkì, tó máa fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́; GRUB ni orúkọ èyí tí Linux sábà máa ń lò. Ọ̀gá wa kan tó ń kọ́ni lédè ló mú "oníbodè" wá, àbúrò kan mú "ajíkọ̀ǹpútà" wá, ẹnìkan tún ní ká kúkú pè é ní "bùùtù-lódà" ká lọ sùn.

Láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe, ní Under G níbí nínú Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ LAUTECH ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, torí náà ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn lójoojúmọ́ ni mo máa fi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ajíkọ̀ǹpútà kúrò lọ́nà. Àbúrò, mo mọ̀ pé jíjí lójú oorun lo ní lọ́kàn, ìrònú ẹ dáa, ṣùgbọ́n jí yẹn náà ni jí tí olè ń jí nǹkan, ohùn kan náà, lẹ́tà kan náà. Bí mo bá kọ "A ń tún ajíkọ̀ǹpútà ṣe níbí" síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló máa kọ́kọ́ wọlé, ọlọ́pàá á sì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, màmá kan wá láti Tákíẹ̀, ó fi ìbòrùn wé láptọ́ọ̀pù bí ẹni pọn ọmọ, ọmọkùnrin ẹ̀ tó ni ẹ̀rọ ń bọ̀ lẹ́yìn, ó dorí kodò. Màmá gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ ọmọ yìí, ó ń tàn, kò gbéra."

Ó ń tàn, kò gbéra. Mo dákẹ́ díẹ̀. Gbogbo ohun tá a ti ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ látọjọ́ mẹ́rin, màmá tí kò mọ Linux yàtọ̀ sí lílí ti là á sí méjì. Tíná bá wọ inú ẹ̀rọ, tí fáànù ń yí, tí àwòrán ilé-iṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú ẹ̀, ó tàn nìyẹn. Kí Windows tàbí Linux wá dìde, kó máa béèrè páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹ, ìyẹn ló gbéra. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ pé "kò bùùtù", ohun tó ń bí mi nínú sí ìyẹn ni pé búùtù mọ́tò là ń kó ẹrù sí, búùtù ẹsẹ̀ là ń wọ̀ lọ sóko, ibo la fẹ́ tún fi èyí sí?

Ẹ sì wo ibi tí boot Òyìnbó fúnra ẹ̀ ti wá. Bootstrap ni, okùn ẹ̀yìn bàtà, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó fẹ́ fa okùn bàtà ara ẹ̀ kó lè fi gbé ara ẹ̀ sókè. Àwọn oníkọ̀ǹpútà rí i pé ìṣòro tiwọn gan-an nìyẹn, torí ètò ló ń gbé ètò wọlé, ta ni yóò wá gbé ti àkọ́kọ́? Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Wàyí o, kí ni gbéra? Gbé ara ni. Òyìnbó fi okùn bàtà gbé ara ẹ̀, Yorùbá kàn gbé ara ẹ̀. N ò rò pé màmá yẹn ronú débẹ̀ o, ẹnu wọn ló sọ ọ́. Fún ọ̀rọ̀-ìṣe, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́, gbéra ni.

Ó wá ku olóyè fúnra ẹ̀, ìyẹn orúkọ bootloader. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ yẹn, ojú ẹ̀ dúdú, ìlà méjì péré ló jáde:

error: no such partition.
grub rescue>

Mo bi ọmọ yẹn pé kí ló ṣe. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Mo tún bi í. Ó ní àyè ló tán, òun wọ Windows, òun pa dráífù D rẹ́ torí kò sí nǹkan níbẹ̀, òun pa ẹ̀rọ, òun tún tàn án, ó di báyìí. Ó ti tó. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ti BIOS (ètò inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ tó ń jí ṣáájú bootloader), nọ́ḿbà pátíṣọ̀n, ìyẹn àwọn ojúlé tá a pín díìsìkì ẹ̀ sí, sì nílànà: 1 dé 4 kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n látorí 5 lọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni, bí ọ̀kan bá kú, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á sún síwájú. D ló jẹ́ 5, Ubuntu, irú Linux tó wà níbẹ̀, ló jẹ́ 6. Ó pa 5, Ubuntu wá di 5. Kò sí nǹkan kan tó ṣe Ubuntu o, kò sí nǹkan kan tó ṣe Windows, ilé ò wó. Àmọ́ GRUB ti gba àdírẹ́ẹ̀sì sọ́wọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, ojúlé kẹfà ni wọ́n ní kó lọ, ó dé àdúgbò, kò rí ojúlé kẹfà, ó dúró sójú títì ó ń wo òréré. Windows tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ náà ò lè wọlé, torí GRUB yìí kan náà ló yẹ kó mú un wá.

Ẹ wo bí ẹni tí wọ́n rán yìí ṣe kéré tó. Lórí irú ẹ̀rọ yẹn, báìtì 512 àkọ́kọ́ nínú díìsìkì ni kọ̀ǹpútà máa ń kà (lẹ́tà Òyìnbó kan ń gba báìtì kan), 64 nínú ẹ̀ jẹ́ ti àkọsílẹ̀ pátíṣọ̀n, 2 jẹ́ àmì ìdánimọ̀, ó ku 446 fún ẹni tó fẹ́ gbé odidi ilé dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àmì ohùn bíi tèmi, ẹ́ kan ṣoṣo, tòun ti àmì orí àti àmì ìdí, báìtì 5 ló ń gbà nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ìyẹn ni pé ẹ́ 89 ló máa kún ibẹ̀ bámú, kò tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹkún ìyàwó. Ìdí nìyẹn tí GRUB ò fi lè dá wà síbẹ̀ tán, ìdì kékeré tó wà ní ọwọ́ iwájú yẹn ò mọ̀ ju kó pe ẹnìkejì ẹ̀ tó wà nínú àlàfo ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, ẹnìkejì yẹn ló wá mọ ọ̀nà ilé Linux, ibẹ̀ ni ìyókù ẹrù wọn wà, nínú /boot/grub.

Ohun tí mo tẹ̀ rèé, kí ẹni tó bá ṣe nǹkan bẹ́ẹ̀ lálẹ́ yìí má bàa sunkún:

ls
ls (hd0,msdos5)/
set root=(hd0,msdos5)
set prefix=(hd0,msdos5)/boot/grub
insmod normal
normal

Ti àkọ́kọ́ ń béèrè pé ojúlé mélòó ló wà, ìkejì ń yọjú wo inú ojúlé karùn-ún bóyá Linux ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí boot, etc, home, ibẹ̀ náà ni, tó bá jẹ́ tiyín ò sí ní 5 ẹ máa yọjú sí ìyókù. Àwọn tó kù ń fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Bí mo ṣe tẹ normal báyìí, ojú ìwé tá a ti máa ń yan Ubuntu tàbí Windows yọ fáú, ọmọ yẹn pariwo. Mo ní kó má tíì yọ̀, torí àdírẹ́ẹ̀sì ẹnu lásán nìyẹn, bó bá pa ẹ̀rọ, GRUB á tún lọ sójúlé kẹfà. Ìgbà tá a wọ inú Ubuntu tán la tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: sudo grub-install /dev/sda, lẹ́yìn náà sudo update-grub. (Látorí GRUB 2.06 tó jáde ní 2021, kì í wá Windows tàbí Linux mìíràn kiri fúnra ẹ̀ mọ́, bí Windows bá sọnù lójú ìwé yẹn, ẹ kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú /etc/default/grub, kẹ́ ẹ tún update-grub ṣe.)

Ọ̀gá wa, ẹ wá bá mi wò ó, ṣé iṣẹ́ oníbodè nìyẹn? Oníbodè tí a mọ̀ láyé àtijọ́, ẹnu ibodè ló ń jókòó sí, ó ń gbowó lọ́wọ́ alájàpá, ó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde láti òwúrọ̀ dé alẹ́, bílẹ̀ ṣú ó ń ti ìlẹ̀kùn. Firewall nìyẹn, ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà àti ohun tó ń jáde, tí ẹnikẹ́ni bá ń wá Yorùbá fún firewall, mo fọwọ́ sí oníbodè tọwọ́ tẹsẹ̀. GRUB ò dá ẹnikẹ́ni dúró, kò gbowó, bí Linux bá ti gbéra tán, GRUB ò sí mọ́, ẹ wá a títí nínú àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní rí i. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Òun náà ni! Ẹ̀rọ lọkọ, Linux nìyàwó, wọn ò mọra wọn rí, alárinà kékeré kan ló mọ ilé àwọn méjèèjì, ó mú wọn mọra, ó yẹ̀bá. Ìgbà tí alárinà bá sì ṣìlé ni ọkọ àti ìyàwó máa jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìṣe pé ara wọn ò yá.

Ọ̀gá fèsì ṣáájú pé alárinà ò ní í fi ìyàwó méjì síwájú ọkọ kó ní kó yan ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, èèyàn tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ń yàn, alárinà kàn ń bi í léèrè ni, ojú ìwé tó ti ń béèrè yẹn lèmi á pè ní oríta. Ti Windows tilẹ̀ tún dùn ún gbọ́, torí GRUB kì í mú Windows fúnra ẹ̀ jáde, ọ̀dọ̀ alárinà tí Windows ní sílé ló ń darí ẹ̀ sí, ìyẹn ló máa mú un wá. Lórí ẹ̀rọ tuntun tó ń lo UEFI, arọ́pò BIOS, ọ̀rọ̀ nọ́ḿbà ojúlé yìí ti dínkù, pátíṣọ̀n kékeré kan wà tí gbogbo àwọn alárinà ń gbé, ẹ̀rọ sì ní ìwé tó fi ń to wọn tẹ̀léra, efibootmgr la fi ń tún ìwé yẹn tò. Alárinà ṣì ni wọ́n.

Kọ̀ǹpútà tó ní méjì nínú ńkọ́? Olórogún ni mo pè é, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan sì ti bá mi wí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí á kó ọ̀rọ̀ ilé olóbìnrin púpọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà, pé "alájọgbé" dáa jù. Mo gbà fún yín lápá kan, ẹ̀gbọ́n, bá a bá ń kọ ìwé fáwọn ọmọdé, alájọgbé ò burú. Ṣùgbọ́n alájọgbé ń jẹun pọ̀. Windows àti Linux kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, ọjọ́ tó kan ọ̀kan, èkejì wà ní yàrá, àyè díìsìkì ni wọ́n sì ń jà sí. Ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ kí n pe ìyẹn?

Ẹni tó ní ká kúkú máa sọ bùùtù-lódà, mo gbọ́ ẹ. O ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣẹ̀dá máa ń gùn, pé ta ló ń sọ ayárabíàṣá nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́, òótọ́ ni, èmi náà kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ látòkè. Àmọ́ iná mànàmáná ṣẹ̀dá ni, a sì gé e kúrú sí iná, ó sì jókòó. Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo jókòó sí yìí, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni tẹ́lẹ̀, ẹnu ló rún un. Àwọn tó sọ GRUB ní GRUB gan-an, láti ìgbà tí Erich Boleyn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1995, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe, grub lédè wọn ìdin ni, kò sẹ́ni tó ní kò níyì. Alárinà ò gùn, ó ti wà lẹ́nu wa, ìyá àgbà mọ̀ ọ́n.

Mo sì ti dán an wò. Orí rìsíìtì màmá yẹn ni mo kọ ọ́ sí: "Àtúnṣe alárinà, kọ̀ǹpútà olórogún." Wọ́n kà á, wọ́n yíjú sọ́mọ wọn, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ò tíì jáde ìwé, o ti ń wá alárinà?" Ọmọ ò lè fèsì. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún yín yìí, wọ́n gbọ́, wọ́n sanwó, wọ́n tú ìbòrùn láti fi wé ẹ̀rọ náà, wọ́n wá dúró, wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, èwo nínú àwọn ìyàwó yẹn ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí?" Mo ní Linux ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn pa á, kóun náà lọ sinmi.