Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 nínú ooru Ìbàdàn: irú aṣọ wo ló yẹ kó wọ̀?

Ìyá Ìkòkó:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 5, Ìbàdàn la wà, ẹ sì mọ bí ooru oṣù Ẹrẹ́nà ṣe máa ń mú. Ìyá ọkọ mi tó wá wẹ ọmọ fún wa ní kí fìlà, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà má kúrò lára rẹ̀, kí n tún fi ṣọ́ọ̀lù wé e, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù. Ọmọ ń làágùn, ọrùn rẹ̀ sì ti ń sú wínníwínní. Mi ò fẹ́ bá màmá jiyàn. Kí ló yẹ kí n wọ̀ fún un lọ́sàn-án, lóru, àti tí mo bá pọ̀n ọ́n jáde?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:
Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tútù yẹn, torí òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa di ọmọ sínú aṣọ. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í tíì ṣàn dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ dáadáa. Ẹsẹ̀ lè tutù nígbà tí ara ń gbóná. Ẹ̀yìn ọrùn tàbí àyà ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì gbẹ, aṣọ náà ti tó. Tí òógùn bá wà níbẹ̀, tàbí tó bá gbóná ju ọwọ́ yín lọ, ẹ bọ́ ẹyọ kan. Àfi tí àyà bá tutù ni kí ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ẹ bẹ màmá kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Ìyẹn á rọrùn ju àríyànjiyàn lọ.

Lọ́sàn-án, pámpásì àti síńgílẹ́ẹ̀tì òwú kan ti tó. Ẹ bọ́ fìlà nínú ilé: ooru púpọ̀ ń gba orí jáde lára ọmọ, fìlà sì lè yọ́ bo imú rẹ̀ lójú oorun. Dípò ìbọ̀wọ́, ẹ gé èékánná. Lóru, gáùn òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Fáànù lè máa yí, kó má ṣáà dojú kọ ọ́. Tí òjò bá rọ̀, tí ilẹ̀ sì tutù, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ kún un.

Ẹ máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ọmọ fi aṣọ kan ju àgbà lọ. Ti ibi tútù nìyẹn. Ní Ìlú Ọba, ìwọ̀n ooru 16 sí 20 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kí yàrá ọmọ wà. Yàrá tó jẹ́ 32 kò gba irú ẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ohun tí ilé ìwòsàn bá sọ ni kí ẹ ṣe.

Télọ̀ Aṣọ Ọmọdé:
Ẹ wo irú aṣọ náà o. Púpọ̀ nínú aṣọ ọmọ tó ń rí múlọ́múlọ́ lọ́jà, políẹ́sítà ni. Kì í fa òógùn mu; ooru á há sáàárín rẹ̀ àti ara, ihò òógùn á dí, ara á sì sú. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ níbi ìṣẹ́tí, kí ẹ ṣáná sí i lókèèrè ọmọ. Òwú á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì lẹ̀bú. Políẹ́sítà á yọ́, á sì dì gbagidi. Ẹ gé lébẹ́ẹ̀lì ọrùn kúrò, kí rọ́bà ìdí sì lè gba ìka kan.

Tí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n, ooru ẹ̀yìn yín ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì, ìró àǹkárá ẹyọ kan, òjá, ó parí. Ẹ má fi nǹkan kan bo ojú rẹ̀. Agboòrùn ni kí ẹ mú dání. Láti aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́, ẹ máa gba abẹ́ ibòòji.

Ìyá Ìkòkó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Súwẹ́tà ti kúrò. Màmá ra àtíkè alámẹ́ńtọ́ọ̀lù fún ọrùn tó sú yẹn, aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Ṣé mo lè lò wọ́n? Ṣé kí n máa fún un lómi?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò wọ́n! Àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, G6PD, wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin, ẹ ò sì lè fojú rí i. Tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ inú aṣọ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́, kí ibà pọ́njú tó lágbára dé, èyí tó lè ba ọpọlọ jẹ́. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù náà kò dára fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tó bá ṣì ń rùn káńfọ̀, kó má kan ọmọ rárá. Tí ẹyinjú rẹ̀ bá yí sí àwọ̀ ìyeyè, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ní ti ọrùn, ẹ fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ òwú tẹ̀ ẹ́ gbẹ láì fi ra á, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Kò nílò àtíkè, kò nílò òróró. Àwọn náà ń dí ihò òógùn.

Omi kò sí títí yóò fi pé oṣù 6. Ọmú ni kí ẹ fún un léraléra nígbà ooru; tó bá ń tọ̀ tó ìgbà 6 lójúmọ́, ó ń mu tó.

Tí ara rẹ̀ bá gbóná lójijì, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó fi tẹmọ́mítà sí abíyá rẹ̀. Tó bá ṣì lé ní 37.5, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, ẹ má fún un lóògùn kankan nílé. Ilé ìwòsàn ló kàn.