Ẹ yọ "ojúlówó" kúrò lórí aláìsàn rọpárọsẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣògbufọ̀ fún àwọn dókítà bi wá níjẹta pé kí ni ká máa pe ohun tí wọ́n ń wọ̀n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. "Quality of life" ni Òyìnbó ń pè é; ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ti dá a ní "òṣùwọ̀n ojúlówó ìgbé-ayé". Èyí tó jẹ mọ́ inú dídùn àti inú bíbàjẹ́, wọ́n pè é ní "àlàáfíà ìmọ̀lára". Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, méjèèjì kò bá a mu.

Òfì ojúlówó wà, oyin ojúlówó wà. Ibi tí a bá ti gbọ́ ojúlówó, ayédèrú ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé ẹni tí apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ ń gbé ayédèrú ayé ni? Ó sì tún ku ibì kan. Ìbéèrè àkọ́kọ́ gan-an nínú WHOQOL-BREF, ìwé oníbéèrè mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dúró lé, ìdáhùn márùn-ún ló sì ní, láti orí èyí tó burú jù dé orí èyí tó dára jù. Ta ló gbọ́ ojúlówó díẹ̀ rí? Nǹkan jẹ́ ojúlówó tàbí kò jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dá a padà sí èdè Òyìnbó láìrí ti àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ ògbufọ̀ báyìí wò, "genuine" tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀yà mọ́tò ni yóò kọ.

"Ìmọ̀lára" ló dùn mí jù. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi, ọmọdébìnrin kan ní ilé ìwòsàn bi wọ́n pé, "Bàbá, báwo ni ìmọ̀lára yín láti ọ̀sẹ̀ méjì?" Bàbá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n ní, "Kò mọ nǹkan kan lára, ọmọ mi. Bí o fi iná sí i, kò mọ̀." Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ alaalẹ́ ni bàbá ń kọjú sí ògiri, tí wọn kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Ẹ wo "lára" tó wà nínú ìmọ̀lára! Ẹni tí ara rẹ̀ kú tipiri, ara náà ni yóò gbọ́.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó yè é ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń dé bá. Àwọn mìíràn sì wà tí àrùn náà ti ba ibi kan jẹ́ nínú ọpọlọ wọn, tí wọ́n ń sunkún láìnídìí: omi ń bọ́ lójú, inú kò bàjẹ́. Inú náà la gbọ́dọ̀ béèrè. Ìyá bàbá mi kì í jókòó ti aláìsàn kí wọ́n má béèrè pé, "Ara ńkọ́? Inú ńkọ́?" Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì ni wọ́n sì ń retí.

Ẹni tó ní ká lo "ọkàn" dípò "ìmọ̀lára" nínú yín, ó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè HRQOLISP tí Mayowa Owolabi, dókítà ọpọlọ, ṣe fún àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀, tí wọ́n lò ní Ìbàdàn àti ní Berlin, ya ọkàn àti ẹ̀mí sọ́tọ̀, ó sì fún kálukú ní ìbéèrè tirẹ̀. Bí a bá ti ná ọkàn sórí inú, kí ni a ó fi pe ọkàn?

Èmi fara mọ́ "ipò inú" dípò "àlàáfíà ìmọ̀lára", àti "ìrọ̀rùn ayé" dípò "ojúlówó ìgbé-ayé". "Báwo ni ayé ṣe rọ̀ yín lọ́rùn tó?" Kò rọrùn rárá, ó rọrùn díẹ̀, ó rọrùn gan-an: ó gba ìwọ̀n.

Ní ti ẹni tó ní rọ inú rọpárọsẹ̀ àti rọ̀ inú ìrọ̀rùn ọ̀kan ni, pé nítorí náà a ń fi aláìsàn ṣẹ̀sín: rárá. Òótọ́ ni pé ohùn ìsàlẹ̀ ń di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, rà á, ra aṣọ, nítorí náà "rọpá" nìkan kò lè là á. Ẹ wo "arọ". Ẹ wo "ó rọ lẹ́sẹ̀". Ohùn àárín ni, kò sì sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e tààrà, nítorí náà kì í ṣe rọ̀ inú ìrọ̀rùn. Kí ó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá.