Bàtà wo ló yẹ fún ibi ìdáná onítáìlì?

Olóúnjẹ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi àti epo kì í tán nílẹ̀ ibi ìdáná wa, sílípáàsì sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀. Ṣé kí a ra bàtà òjò fún wọn?

Aláàbò: Ẹ kọ́kọ́ gba sílípáàsì yẹn lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sí ohun tó di gìgísẹ̀ mú, ìka ẹsẹ̀ ló ń há a mọ́ra kó má baà bọ́, ni wọ́n ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bàtà òjò ńkọ́? Ó wúwo. Tó bá di ọ̀sán tí itan ti ń ro èèyàn, orí bàtà á máa kọ́ àtẹ̀gùn. Èyí tó tóbi jù tún burú sí i. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga, ni kí ẹ rà. Ìsàlẹ̀ tó nípọn bíi fóòmù ń tuni lára, àmọ́ ẹsẹ̀ kì í mọ bí ilẹ̀ ṣe rí mọ́.

Oníbàtà: Ẹ yí i dojú dé kí ẹ tó sanwó. Ìlà abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ là jáde sétí, ibẹ̀ ni omi ń gbà sá. Àmì SRC, tí wọ́n ń lò kí ìlànà bàtà ààbò tó yí padà lọ́dún 2022, túmọ̀ sí pé wọ́n ti dán an wò lórí táìlì olómi ọṣẹ àti irin tí wọ́n fi glycerol, omi kíki tó ń yọ̀, pa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ abẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́. Ọ̀rá tó bá dí ìlà ti sọ ọ́ di pẹlẹbẹ nìyẹn.

Olóúnjẹ: Ẹ ṣeun. Ìgbà wo la máa pààrọ̀ rẹ̀?

Oníbàtà: Ẹ wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀, ibẹ̀ ló sábà ń kọ́kọ́ jẹ. Tó bá ti ń dán, ẹ jù ú nù, kódà kí òkè rẹ̀ ṣì tuntun.