Windows tí wọ́n gé kúrú fún géèmù: èsì ìkẹyìn

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ kú ìdúró. Mo béèrè pé ṣé ó yẹ kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní RAM (ibi ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4 GB lo Windows tí àwọn aládàáni gé kúrú, ìyẹn tí wọ́n yọ àwọn apá kan kúrò nínú rẹ̀, kí géèmù lè yá. Èsì mi ni pé kò yẹ.

Lóòótọ́, RAM díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n agbára káàdì àwòrán ló sábà ń fa géèmù sẹ́yìn, kì í ṣe Windows. Tí wọ́n bá yọ Defender tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì àti Windows Update tó ń mú àtúnṣe wá, ihò ààbò ò ní dí mọ́. Tí Microsoft Store bá lọ, Game Pass, ètò géèmù tí Microsoft ń gba owó oṣooṣù fún, náà dàrú. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ pa Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ètò wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn. Bẹ́ẹ̀ géèmù Valorant ń béèrè rẹ̀ lórí Windows 11, pẹ̀lú TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ISO àtúnṣe (fáìlì tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà) kò ní hash Microsoft, àmì tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan fáìlì, tí ẹ lè fi àṣẹ Get-FileHash inú PowerShell yẹ̀ wò. Ẹni tó gé e lè ti fi ohun tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà sínú rẹ̀.

Ẹ lo fláàṣì 8 GB àti Media Creation Tool, irinṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀, kí ẹ fi Windows gidi sórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc kí Task Manager lè ṣí, kí ẹ pa ohun tí ẹ ò nílò ní Startup, ìyẹn àwọn ètò tó ń dìde fúnra wọn bí Windows bá tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki RAM 4 GB mìíràn bọ ihò RAM kejì, tí kọ̀ǹpútà yín bá ní in. Káàdì àwòrán inú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ń yá RAM lò, ìdí nìyí tí RAM méjì fi ń ràn án lọ́wọ́ gan-an. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín pamọ́ o, fífi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ lè nu gbogbo rẹ̀.