Ṣé bátìrì lithium yẹ ọkọ̀ onígbòkun?

Ìbéèrè, láti Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Èkó ni ọkọ̀ onígbòkun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ní wà. A fẹ́ fi bátìrì lithium rọ́pò àwọn olójé inú rẹ̀, kí fíríìjì lè ṣiṣẹ́ mọ́jú lójú òkun. Ṣé kí a kàn pààrọ̀ wọn ni?

Ìdáhùn, láti Mọ́kọ́lá:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, èèyàn lè lo nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára lithium, nígbà tí kò yẹ kí a lò ju ìdá 50 lọ nínú ti olójé. Ṣùgbọ́n lithium máa ń fa iná púpọ̀ láti ara alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pèsè iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, débi pé alternator náà lè gbóná kọjá ààlà kí ó sì jó. Ẹ fi ṣájà DC-DC, èyí tí ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, sáàárín alternator àti bátìrì lithium, kí ẹ sì fi bátìrì olójé tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìdáhùn, láti Àpáta:
Mo fara mọ́ ọn. Kí fúúsì má jìnnà sí bátìrì. Wáyà olókùn kan ṣoṣo tí a ń lò nílé kò dára níbẹ̀, nítorí pé ó máa ń já bí ọkọ̀ bá ń mì. Ẹ ra èyí tí okùn tínrín púpọ̀ wà nínú rẹ̀.