Ṣé kí n fọwọ́ sí Early Decision ọmọ mi?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí tó wà ní Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin mi fẹ́ gba Early Decision, ìyẹn ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń tètè fi ránṣẹ́, tó sì ń de ọmọ mọ́ ilé ìwé kan ṣoṣo, wọ yunifásítì kan. Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ni gbèdéke. Bí wọ́n bá gbà á, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ mọ́, èmi náà sì ní láti fọwọ́ sí àdéhùn yẹn. Mo ti ṣírò owó lórí ìkànnì wọn. Iye tí mo rí mú mi pa kọ̀ǹpútà dé. Ọmọ ti ra fìlà wọn, ó ń dé e jẹun alẹ́! Early Action, tí wọ́n tún ń tètè fi ránṣẹ́, kì í de èèyàn mọ́ ilé ìwé, àmọ́ wọn ò ní in níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí: bí owó ìrànwọ́ ò bá tó, ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kọ́mọ jáwọ́ láìsí wàhálà? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.